Ọ̀gá Tó Fòfin De Kùrukùru

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọ̀gá yín rí, tí ẹ sì yára gbé ojú náà padà síwájú kí ó tó rí yín, ẹ sún mọ́ mi. Ìtàn yín ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ ẹlòmíràn ni màá fi bojú, kí wọ́n má baà já ìwé gbélé-ẹ fún yín.

Ilé ìwádìí kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ìmọ́lẹ̀, gíláàsì àti ike. Ọkùnrin tó ń darí ibẹ̀ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọ̀gá lásán. Ó ní ọ̀gá ti pọ̀ jù nígboro; ọ̀gá mẹkáníìkì wà, ọ̀gá awakọ̀ wà. Òun ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Atànmọ́lẹ̀-Síbi-Òkùnkùn, Ọ̀mọ̀wé láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Bí o bá kí i pé "ẹ káàárọ̀, sà" láìfi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tì í, kò ní gbọ́. Etí rẹ̀ kò di o. Etí náà ló ti di ẹni ńlá.

Láti ẹnu ọ̀nà yàrá ìwádìí títí dé iwájú tábìlì àyẹ̀wò, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa tóóró kan. Wọ́n wọn ẹsẹ̀ Ọ̀gá Àgbà kí wọ́n tó gé e, nítorí pé òun nìkan ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n yòókù a máa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́tùn-ún lósì, àgbà níwájú, kékeré lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìgò kan ní apá kejì yàrá kò gbọdọ̀ dá kápẹ́ẹ̀tì kọjá. Ìta ni yóò gbà, yóò yí ilé po, yóò sì kan fèrèsé apá kejì kí wọ́n na ìgò náà sí i. Bí òjò bá ń rọ̀, á mú agboòrùn.

Nínú àwọn tó ń tò sógiri yìí ni obìnrin olùwádìí kan wà, òun sì ni a ó máa bá lọ. Ọdún mẹ́jọ ló ti lò lórí ohun kan ṣoṣo. Ẹ fara balẹ̀, kò le. Omi kan wà tí wọ́n ń pè ní omi kírísítà. Ó ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ àwọn hóró inú rẹ̀ a máa fẹ́ kọjú sí ibì kan náà. Bí o bá pò ó mọ́ ike tó ṣì rọ̀, tí o wá jẹ́ kí ike náà le, omi náà yóò há sínú rẹ̀ ní ẹ̀kán wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á kọjú síbi tó wù ú. Ìmọ́lẹ̀ á forí gbá èyí, á ta sí tọ̀hún, gbogbo rẹ̀ á wá funfun bíi gíláàsì tí èèyàn mí sí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá nínú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀kán yóò yíjú síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ìmọ́lẹ̀ á gba àárín wọn kọjá, ibẹ̀ á sì mọ́ gaara. Bí ẹ bá ti rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà tí ọkọ̀ ọ̀gá bá wọlé, àlàyé mi ti parí.

Ilé ìwòsàn ńlá ìlú ló gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí. Gbọ̀ngán tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà níbẹ̀ tóbi, bẹ́ńṣì sì yí i ká lọ́tùn-ún, lósì àti láàárín. Àwọn nọ́ọ̀sì ti pariwo nọ́ńbà títí ohùn wọn fi há. Wọ́n bẹ ilé ìwádìí pé kó bá àwọn ṣe pátákó kan tí yóò máa fi nọ́ńbà hàn, tí kò ní máa ta yanranyanran sójú ẹni tí orí ń fọ́. Obìnrin yìí mọ ọ̀nà rẹ̀: awọ ike funfun láàárín gíláàsì méjì, aṣọ dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí iná bá gbà kọjá á mọ́, dúdú ẹ̀yìn á sì yọ bíi nọ́ńbà.

Ó mú awọ ike àkọ́kọ́ lọ han Ọ̀gá Àgbà.

"Kí ni èyí?"

"Awọ ike náà ni, sà. Òun ló máa wà láàárín gíláàsì."

"Mi ò rí i."

"Ó tín-ín-rín ni, sà. Bó ṣe tín-ín-rín ló ṣe dáa."

Ọ̀gá Àgbà wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ wá síbi iṣẹ́. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó sì fi ohùn ńlá sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe bí wọ́n bá tilẹ̀ béèrè aago lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tín-ín-rín. Ilé iṣẹ́ tí èmi ń darí, kó gbé ohun tín-ín-rín jáde síta? Lọ́la, nígbà tí èmi kò bá sí mọ́, tí ayé bá péjọ tí wọ́n ń sunkún, ohun tí wọ́n máa bi ara wọn ni pé, báwo ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn tó? Ṣé kí wọ́n dáhùn pé a ò rí i? Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin."

Akọ̀wé rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-Sà lẹ́yìn, tó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì dùn mọ́ ọn, tẹ̀ síwájú. "Ẹ jẹ́ kó di ìlọ́po márùn-ún, sà. Kí ìkarùn-ún jẹ́ ti ọ̀wọ̀."

"Mo gbà."

"Sà," ni obìnrin náà wí, "bó bá nípọn tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó dúró sí iwájú gan-an nìkan ló máa rí nọ́ńbà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbú àwọn ẹ̀kán náà ni ojú rẹ̀ á bá pàdé. Kùrukùru funfun ló máa rí."

"Ta ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́?"

"Àwọn aláìsàn, sà."

"Kí wọ́n wá síwájú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pátákó tó nípọn bíi bẹ́líìtì ológun. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan án, Ọ̀gá Àgbà gba orí kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó dúró sí àárín gbùngbùn, ó ní kí wọ́n tẹ mẹ́tàdínláàádọ́ta, nítorí pé ojú ìwé mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tí gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà náà yọ níwájú rẹ̀, ó dúdú, ó dá ṣáká.

"Mo rí i," ni ó wí.

"A rí i," ni àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wí, tí wọn kò rí nǹkankan ju funfun lọ.

Ẹ dúró díẹ̀ síbí. Nínú gbogbo àwọn tó ní àwọn rí i lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo tí kò purọ́ ni Ọ̀gá Àgbà. Mo ní kí n sọ ọ́ kí ẹ má baà ní mo kórìíra rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀, àmọ́ òótọ́ lòótọ́ ń jẹ́.

Àwọn tó ní àwọn rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri jẹ́ ọgbọ̀n, ká má purọ́ mọ́ wọn. Obìnrin olùwádìí náà kò bá wọn wí i; ohun tí òun wí ni pé: "Sà, ẹ dákun, ẹ wá dúró síbi tí mo wà yìí fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ óò rí i pé kùrukùru ni."

Láti ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fi Ọ̀gá Àgbà joyè, kò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohunkóhun rí. Nínú fọ́tò, àárín. Níbi òkú, àárín. Nínú ẹ̀rọ agbénisókè, bí ènìyàn mẹ́ta bá wà níbẹ̀, wọ́n á tún ara wọn tò.

"Èmi," ni ó wí jẹ́jẹ́, "kí n wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́?" Ó yíjú sí akọ̀wé. "Ta ni orúkọ obìnrin yìí?"

"Ìyá Kùrukùru ni, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni àṣẹ tuntun jáde. Àṣẹ kẹtàdínlógún ni lọ́dún yẹn. Ìkẹrìndínlógún dá lórí bí èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ sín bí Ọ̀gá Àgbà bá wà nítòsí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: *Láti òní lọ, kò sí kùrukùru ní ilé ìwádìí yìí. Ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó ga tó, tó bá wí pé òun rí kùrukùru lójú pátákó, ojú rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Kí ó lọ sílé lọ tọ́jú ojú rẹ̀, kí ó má sì padà wá.* Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ló fi "bó ti wù kó ga tó" kún un. Ó ní ó mú kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ lẹ́nu.

Wọn kò lè lé Ìyá Kùrukùru lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná aláwọ̀ àlùkò mú ike le, iṣẹ́ sì kù díẹ̀. Wọ́n fún un láyè títí di ọjọ́ ìṣípátákó. Lọ́jọ́ náà, yóò fọwọ́ sí ìwé kan pé pátákó náà ń hàn láti ibi gbogbo. Bí kò bá fọwọ́ sí i, yóò kó kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwádìí lélẹ̀, àti kọ́kọ́rọ́ ilé òṣìṣẹ́ tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún etí aṣọ kan ṣe.

"Kí ni wọ́n ní kí o fọwọ́ sí gan-an?"

"Pé ó ń hàn láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, Màmá."

"Ṣé ó ń hàn?"

"Rárá."

Ìyá náà fi ahọ́n tọ́ òwú, ó wá ojú abẹ́rẹ́ títí ó fi rí i. "Ní ilé ìwòsàn yẹn, níbi tí wọ́n ti ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ọwọ́ ọ̀tún lẹ́bàá ògiri ni mo máa ń rí jókòó sí. Àwọn tó bá tètè dé ló ń gba àárín. Ṣé èmi lè tètè dé pẹ̀lú orókún yìí?"

"Ẹ ò lè tètè dé."

"Ó dáa. Ilé yìí ńkọ́, bí o kò bá fọwọ́ sí i?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa gbà á."

Ìyá náà ki abẹ́rẹ́ bọ etí aṣọ. "Mi ò ní sọ pé kí o kú nítorí pátákó. Ìwọ nìkan ni mo bí, wọn kì í tà á lọ́jà. Mi ò sì ní sọ pé kí o fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí o bá máa fọwọ́ sí i, sọ fún mi ṣáájú, kí n lè bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ gba àárín."

Ìyá Kùrukùru rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà gbé àyẹ̀wò ojú kalẹ̀. Ọ̀gá Àgbà kò sí nílé lọ́jọ́ náà; ó lọ gba àmì ẹ̀yẹ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dúró síbi tí ipò rẹ̀ bá gbé e sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò ka nọ́ńbà ojú pátákó, yóò sì fọwọ́ sí ìwé. Ìyá Kùrukùru ló wà nídìí bọ́tìnnì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi bàbá arúgbó tó ń gé gíláàsì fún wọn, tó ń bá a di ẹ̀yìn pátákó mú. Dípò mẹ́tàdínláàádọ́ta, méjìlá ló tẹ̀.

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ kà. "Mẹ́tàdínláàádọ́ta, sà. Ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun."

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta," ni obìnrin tó ń tọ́jú ìwé wí. "Mo tilẹ̀ rí òjìji rẹ̀."

Ọkùnrin kan tí jìnnìjìnnì mú kẹ̀yìn sí pátákó, ó sì kà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba tirẹ̀ náà wọlé. Ìgbà tó kan bàbá agégíláàsì, ó fọwọ́ gbo irùngbọ̀n.

"Kí lẹ rí, Bàbá?"

"Ohun tí gbogbo yín rí ni èmi náà rí," ni bàbá wí, ó sì fọwọ́ sí i láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló kù kó fẹ̀yìn tì.

"Ìyá Kùrukùru?"

"Méjìlá ni."

"O rí méjìlá?"

"Mi ò rí nǹkankan. Èmi ni mo tẹ méjìlá."

Ẹ wo ẹ̀rín akọ̀wé bó ṣe ń yọ́ kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti mọ òótọ́: kí èèyàn bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, kó dúró láàárín, kó wò ó. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ó gbé e dání lókè bẹ́ẹ̀, ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó wo ilẹ̀kùn, ọgbọ̀n ènìyàn ń wo ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé e padà síbi tó ti wá.

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni," ló wí. "Ó kàn ń ṣe bíi méjìlá ni." Ó sì pa ìwé dé.

Ọjọ́ ìṣípátákó pé, òwúrọ̀ Ọjọ́rú, nínú gbọ̀ngán ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé pátákó sórí férémù onítáyà kan níwájú. Àwọn aláìsàn ti kún bẹ́ńṣì, nítorí pé àìsàn kò mọ ọjọ́ ayẹyẹ. Wọ́n to àga ńlá sáàárín fún àwọn ẹni ńlá, tìmùtìmù sì wà lórí èyí tó wà ní àárín gbùngbùn fún Ọ̀gá Àgbà. Ohun tó gbọ́ ni pé Mínísítà yóò rán aṣojú. Ó ti gbé ọkàn lé e pé bí iṣẹ́ òní bá yọrí, wọ́n á fi òun jẹ olórí gbogbo ilé ìwádìí orílẹ̀-èdè.

Mínísítà fúnra rẹ̀ ló dé, òun àti ènìyàn mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀.

Ta ni yóò jókòó sáàárín? Ọ̀gá Àgbà ló fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ayé pé ẹni tó ga jù ló ni àárín, ayé sì ti mọ̀ ọ́n. Ó tẹrí ba, ó sún sí àga kejì. Ìyàwó Mínísítà dé, ó sún. Akọ̀wé àgbà dé, ó sún. Ẹ̀ṣọ́ dé, ẹni tó ń gbé báàgì dé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni dé. Ó sún, ó sún, títí ògiri fi dá a dúró. Àga tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ló bá a, tó fi ara kan bẹ́ńṣì àwọn aláìsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni bàbá ọ̀pá náà wí. "Nọ́ńbà mélòó lẹ gbà?"

Ọ̀gá Àgbà tún táì rẹ̀ ṣe. Wọ́n pè é láti sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ sì tún yá.

"Ọlọ́lá jùlọ, òpó tí kì í yẹ̀, orísun tí kì í gbẹ, ẹni tí oòrùn ń dúró dè kó tó yọ. Ìmọ́lẹ̀ wà láyé kí èmi tó dé, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó ń lọ. Èmi ni mo mú un lọ́wọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n ní àwọn rí kùrukùru. Mo bi wọ́n: níbo? Ẹni tó bá rí kùrukùru lójú pátákó yìí, bùrọ̀dá tàbí àǹtí, ojú rẹ̀ ló fọ́, ọkàn rẹ̀ ló ṣú, ìdílé rẹ̀ ni kí a lọ yẹ̀ wò."

Ojú ìwé mọ́kàndínlógún ló kà. Ọmọ méjì sùn, nọ́ọ̀sì kan jókòó sílẹ̀. Nígbà tó parí, ọgbọ̀n ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí Mínísítà fi gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀gá Àgbà padà sórí àga ẹ̀bá ògiri. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà ti ìwé àti bírò sọ́wọ́ Ìyá Kùrukùru. "Fọwọ́ sí i bí iná bá ti tàn," ló wí fún un létí. "Tàbí kí o kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀." Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà nínú àpò rẹ̀, ó ti mú wọn wá.

Méjìlá ló kàn lórí ìlà dókítà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Mínísítà mi orí. Ó rí méjìlá, dúdú, ó dá ṣáká. Ọ̀gá Àgbà náà wò ó. Funfun ló rí. Ó yọ awò ojú, ó fi táì nù ún, ó tún wò ó. Funfun. Ọrùn rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan láti ẹ̀gbẹ́. Ó na án síwájú, ó fà á sẹ́yìn. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé ibi tí òun jókòó sí ló fà á. Báwo ni ibi tí òun wà ṣe lè jẹ́ ibi burúkú? Ohun kan ṣoṣo tó yé e ni pé wọ́n ti ba iṣẹ́ òun jẹ́ lójú Mínísítà.

Ó fò dìde. "Ẹ pa iná yẹn. Wọ́n ti bà á jẹ́. Obìnrin yẹn ló bà á jẹ́."

"Kí ló bàjẹ́?" ni Mínísítà béèrè.

"Kùrukùru ni, Ọlọ́lá. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀."

"Méjìlá nìyẹn."

"Rárá, Ọlọ́lá. Kùrukùru ni. Funfun báláú."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá, ohun tí ọ̀gá rí àti ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rí di ọ̀kan. Ẹyọ kan nínú àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un ì bá dìde kó ní "òótọ́ ni, sà, èmi náà rí i," ọ̀rọ̀ ì bá ti yí padà. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Òun ló kọ́ wọn.

Mínísítà ti ń bínú. "Ṣé irọ́ ni mò ń pa, àbí ojú mi ni kò ríran?"

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà gbóòórùn ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ó ṣí fáìlì. "Ọlọ́lá, a ní òfin lórí irú ọ̀rọ̀ yìí." Ó kà á ketekete, ó sì gbé ohùn sókè níbi *bó ti wù kó ga tó*.

"Ta ló ṣe òfin yìí?"

"Ọ̀gá Àgbà fúnra wọn ni, Ọlọ́lá. Ohun tí wọ́n bá pè ni mo ń kọ."

"Òfin tó dáa ni," ni Mínísítà wí. "Kí ó lọ sílé lọ tọ́jú ojú rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mo rí i," ni Ọ̀gá Àgbà ń wí bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń fi ọ̀wọ̀ gbá a lápá mú. "Mo fi ojú ara mi rí i." Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Wọ́n mú un gba ẹnu ọ̀nà àwọn agbálẹ̀ jáde, nítorí pé òun ló sún mọ́ jù.

Mínísítà wá kọjú sí Ìyá Kùrukùru. "Ìwọ lo ṣe é. Ṣé kùrukùru wà lójú pátákó yìí?"

Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó. Ọ̀tá ti lọ. "Kò sí" péré ló kù, kó dá kọ́kọ́rọ́ méjèèjì padà sílé. Bẹ́ẹ̀-ni-Sà tilẹ̀ ń mi orí sí i, ó ń fi ètè kọ́ ọ. Obìnrin náà wo bẹ́ńṣì ọwọ́ ọ̀tún lẹ́bàá ògiri. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ ń wo pátákó bí ẹni ń wo ojú ọ̀run, wọn kò rí nǹkankan, wọ́n sì ń dúró.

"Ó wà, Ọlọ́lá," ló wí. "Òótọ́ ni ọ̀gá mi sọ."

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà tún ṣí fáìlì.

Kó tó ka ọ̀rọ̀ kan, bàbá ọ̀pá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dákun, ẹ má bínú o. Ta ni wọ́n ń pè? Méjìlá ló wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀."

"Ìwọ ni wọ́n ń pè, Bàbá," ni Mínísítà wí. "Wò ó níwájú rẹ."

"Níbo?"

"Níbẹ̀."

"Nǹkan funfun yẹn?"

Àwọn ará bẹ́ńṣì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Obìnrin kan ní láti ìgbà tí wọ́n ti tan nǹkan náà, òun rò pé wọ́n ṣì ń nù ún ni. Òfin kẹtàdínlógún kò kan aláìsàn. Kò sẹ́ni tó lè lé wọn kúrò lẹ́nu àìsàn wọn. Ìgbà náà ni bàbá agégíláàsì dìde láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó lọ sídìí férémù, ó ti táyà rẹ̀, ó yí pátákó kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún.

"Méjìlá," ni gbogbo bẹ́ńṣì wí lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ọ̀pá dìde, ó ń wá ọ̀nà kọjá.

"Ibo ló gbà lọ?" ni Mínísítà béèrè.

"Kí ni, Ọlọ́lá?"

"Nọ́ńbà yẹn. Mi ò rí i mọ́. Ó ti di kùru..."

Ó dá ọ̀rọ̀ dúró, àmọ́ ó ti pẹ́. Gbogbo gbọ̀ngán ló gbọ́ ọ. Ojú gbogbo wọn sì yí lọ sọ́dọ̀ Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, tó dúró pẹ̀lú òfin ní ṣíṣí lọ́wọ́, tí *bó ti wù kó ga tó* ń wò ó lójú. Ó rọra pa fáìlì dé. Ó gbé e sórí àga. Ó jókòó lé e.

Mínísítà wúkọ́. Ó ní iṣẹ́ náà kò tíì pé. "Ta ló ní kó nípọn tó báyìí?" Ọgbọ̀n ìka nà sí ẹnu ọ̀nà àwọn agbálẹ̀. Ó ní kí obìnrin náà lọ ṣe èyí tó tín-ín-rín, kó sì máa darí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Òfin kẹtàdínlógún ńkọ́? Wọ́n fà á ya kí wọ́n tó gbé tíì àwọn àlejò jáde.

"Ọ̀gá mi ńkọ́, Ọlọ́lá?" ni Ìyá Kùrukùru béèrè. "Òótọ́ kan náà ni àwa méjèèjì sọ."

"Mo ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn," ni Mínísítà wí. "Èmi kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ ti rí i báyìí. Gbogbo irọ́ ọdún mọ́kànlá, oyè ni wọ́n fi san án fún un. Òótọ́ kan tó sọ níwájú Mínísítà ló lé e lọ. Bí ẹ bá ń wá ìdájọ́ òdodo nínú èyí, àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ńṣì, ẹ wá jókòó, a jọ ń wá a ni.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni pátákó tuntun parí. Awọ ike inú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ìyá Kùrukùru, tí orúkọ náà ti wá di ti ìyìn lẹ́nu àwọn èèyàn kan, gbé e kọ́ ní gbọ̀ngán, ó tẹ mẹ́tàlélógún. Kò dúró síwájú rẹ̀ wò ó. Ó rìn lọ sí bẹ́ńṣì ọwọ́ ọ̀tún, ibi tó kẹ́yìn lẹ́bàá ògiri. Ọ̀gá Àgbà ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn lórí itan.

Wọ́n ní wọn kò ní fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì láìjẹ́ pé dókítà ojú kọ ọ́ pé ojú rẹ̀ ti sàn. Dókítà ojú ní ojú náà kò ṣàìsàn rí, òun kò sì lè kọ ọ́ pé ohun tí kò ṣàìsàn ti sàn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá ní gbogbo Ọjọ́rú.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló wí, ó sì jókòó tì í.

Ó dáhùn. Orúkọ oyè kan kò sí nínú ìkíni náà, síbẹ̀ ó gbọ́.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi wò ó. Kí lẹ rí níbẹ̀ láti ibi tí ẹ jókòó sí yìí?"

Ọ̀gá Àgbà gbé ojú sókè wo pátákó. Ó wò ó pẹ́, mẹ́tàlélógún sì dá ṣáká níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì, ó fi ara sún mọ́ ọn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí ni àwọn tó wà láàárín ní àwọn rí?"